Líǹkì Tí Ará Ẹ̀yìn Kò Rí Kà: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Tó Ń Múra Dìféǹsì

Ẹ̀yin ọmọ mi tó wà ní Unilorin, ní Kwara Poly, ní Al-Hikmah àti ní KWASU ní Málété, tí ẹ ń múra láti gbèjà iṣẹ́ ìwádìí yín níwájú àwọn olùkọ́ (dìféǹsì), ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó máa ń dùn mí tí ọmọ bá ṣe ìwádìí gidi, tó wá fi líǹkì ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ wà sójú sláìdì, tí ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn kò sì rí i kà. Ẹ gbọ́ tèmi lórí ọ̀rọ̀ náà.

1. Ẹ kọ́kọ́ wo àwọ̀ tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Búlúù tí PowerPoint máa ń fún líǹkì, orí funfun ló ti ń hàn. Ẹ gbé e sórí búlúù dúdú tí púpọ̀ nínú yín fẹ́ràn, ó parẹ́ nìyẹn. Ẹ lè máa rí i lójú kọ̀ǹpútà yín, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ṣí fèrèsé gbọ̀ngàn sílẹ̀ nítorí ooru Ìlọrin, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán á fọ gbogbo àwọ̀ kúrò lára ògiri. Funfun tàbí yẹ́lò tó tàn ló yẹ orí búlúù dúdú. Òṣùwọ̀n tí W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà wẹ́ẹ̀bù, fi lélẹ̀ fún ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ni pé kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ má dín sí 4.5 sí 1. Bí lẹ́tà bá tóbi, 3 sí 1. Ẹ jẹ́ kí sláìdì yín náà tó bẹ́ẹ̀.

2. Ẹ má kun líǹkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú PowerPoint àtijọ́, ẹ ó háíláìtì ọ̀rọ̀ náà, ẹ ó mú àwọ̀ mìíràn, kò ní gbà. Kọ̀ǹpútà kò bàjẹ́ o. Ọ̀dọ̀ theme, ìyẹn ètò àwọ̀ àti lẹ́tà tó ń darí gbogbo sláìdì, ni líǹkì ti ń gba àwọ̀ rẹ̀. Àwọ̀ méjìlá ni theme kọ̀ọ̀kan ní, ti líǹkì sì ni méjì tó kẹ́yìn: Hyperlink àti Followed Hyperlink. Ẹ lọ sí Design, ẹ ṣí Variants, ẹ tẹ Colors, lẹ́yìn náà Customize Colors. Ẹ ó bá méjèèjì nísàlẹ̀. Ẹ yan àwọ̀, ẹ tẹ Save, gbogbo líǹkì inú fáìlì á sì yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Microsoft 365 àti Google Slides gbà kí ẹ kun ún níkọ̀ọ̀kan, àmọ́ ọ̀nà theme ni mo fara mọ́, torí pé ẹ ò ní gbàgbé ọ̀kan sẹ́yìn.

3. Followed Hyperlink ni líǹkì tí wọ́n ti tẹ̀. Àwọ̀ àlùkò ló sábà máa ń dà, àlùkò kì í sì í hàn lórí ẹ̀yìn tó dúdú. Bí ẹ bá ti tẹ líǹkì nígbà ìdánrawò, ẹ pa fáìlì dé, ẹ tún un ṣí, àwọ̀ àkọ́kọ́ á padà. Èyí tó dára jù ni kí ẹ yan àwọ̀ kan náà fún méjèèjì.

4. Ìlà abẹ́ líǹkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí oge yọ ọ́. Láti ọdún 1993 tí Mosaic, ètò tí wọ́n fi ń wo ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, ti ń fi búlúù àti ìlà hàn án, ojú aráyé ti mọ àmì yẹn. Ẹ rántí pé àwọn olùkọ́ máa ń gba sláìdì yín lórí ìwé. Ẹ ó gbé e lọ fún fótókọ́pì ní Òkè-Odò ní Ìlọrin, dúdú àti funfun ni yóò sì bá jáde. Yẹ́lò yín á ti di eérú, búlúù yín á ti jọ dúdú. Ìlà yẹn nìkan ni yóò sọ pé líǹkì nìyí. Àwọn èèyàn tún wà tí ojú wọn kì í ya pupa sọ́tọ̀ lára àwọ̀ ewé; ìlà náà ni wọ́n á fi mọ líǹkì. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìlà rárá, kí ó mú àpótí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, kí ó tẹ Ctrl+K, kí ó sì fi líǹkì sára àpótí. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ní yí àwọ̀, kò sì ní ní ìlà. Ẹ wá fi ọfà kékeré kan síbẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé títẹ̀ ni.

5. Ará ìjókòó kò lè tẹ ògiri. Ẹ kọ àdírẹ́sì tó kúrú, tàbí kí ẹ fi kóòdù QR sí i.

6. Ẹ tètè dé gbọ̀ngàn lọ́jọ́ dìféǹsì. Ẹ tan pírójẹ́tọ̀, ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín kan lọ jókòó sórí àga tó kẹ́yìn, kí ó ka líǹkì náà sókè. Bí kò bá rí i kà, àyè ṣì wà láti ṣí Customize Colors.