Àpótí Ìmọ̀: Ibi Tí Máńtíìsì Ń Gbé
Máńtíìsì ni kòkòrò tó máa ń ká ọwọ́ sáyà bí ẹni ń gbàdúrà. Irú rẹ̀ lé ní 2,000 láyé, ilẹ̀ olóoru sì ni ó pọ̀ sí jù, torí òtútù kì í bá a lára mu. Ìfàkò-Ìjàyè ní Èkó tẹ́ ẹ lọ́rùn: ooru wà, òjò sì ń mú ewé àti kòkòrò tó ń pa jẹ pọ̀ sí i.

Ojú ọjọ́ nìkan kọ́ ló ń pinnu ibi tí wọ́n ń gbé o. Máńtíìsì ń pa ara wọn jẹ. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, irú tí wọ́n ń pè ní Sphodromantis lineola ń gbé orí ewé, àwọn Tarachodes sì ń lẹ̀ mọ́ èèpo igi. Ìyàtọ̀ ibùgbé yìí ń dín ìpàdé wọn kù. Ní New Zealand, irú kan láti Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ní 1978, ti ń gba ilé mọ́ ti ìbílẹ̀ lọ́wọ́: akọ ìbílẹ̀ a tọ abo àjèjì lọ, abo náà a sì pa á jẹ.

Ẹ yẹ igi àgbàlá ilé-ìwé yín wò lásìkò òjò, kí ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí máńtíìsì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.