Iná Lọ́tọ̀, Ìbọn Lọ́tọ̀

Àkànní ọmọ mi,

Ìyàwó rẹ sọ fún mi pé o ti ra ìbọn. Ó ní láti ìgbà tí olè ti wọ ilé aládùúgbò yín ní Houston ni oorun kò ti kun ojú rẹ mọ́. N kò ní bá ọ jà lórí rírà rẹ̀: òfin Texas gbà á, ìwọ lo sì ni ilé. Ohun tó kó mi lọ́kàn sókè ni pé o so tọ́ọ̀ṣì mọ́ abẹ́ ẹnu ìbọn náà, òun náà lo sì fi ń yẹ ilé wò bí nǹkan bá ti dún lóru.

Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ibi tí tọ́ọ̀ṣì yẹn bá tàn sí ni ẹnu ìbọn kọjú sí. Bí o bá fi wo ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, o ti na ìbọn sí i kí o tó mọ̀ bóyá ọmọ rẹ ni. Bọ́tìnnì iná náà kò sì jìnnà sí tírígà. Ọlọ́pàá tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ wà ní Amẹ́ríkà yìí tó fẹ́ tanná tó sì yìnbọn. Mélòómélòó ni ìwọ, tí oorun ṣì wà lójú rẹ?

Bàbá bàbá rẹ ṣọdẹ òru nínú igbó Ìṣẹ́yìn. Iwájú orí ni iná kábáìdì rẹ̀ máa ń wà. Bí ó bá yí orí, iná á yí, ìbọn á sì dúró sí èjìká. Bí iná bá bá ojú méjì tó ń dán nínú igbó, kò tíì tó: ọdẹ tó mọṣẹ́ á dúró títí yóò fi rí ara, torí ojú ewúrẹ́ onílé àti ti ajá ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ń dán. Ẹ̀yin ti òde òní ni ẹ wá so ohun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ pọ̀, tí ẹ sì ń sanwó gọbọi lé e.

Ra tọ́ọ̀ṣì ọwọ́, kí o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kí o sì máa dán bátìrì rẹ̀ wò. Àwọn tọ́ọ̀ṣì LED ìsinsìnyí mọ́lẹ̀ débi pé bí o bá tàn án sílẹ̀ tàbí sí àjà, ògiri funfun yóò dá ìmọ́lẹ̀ náà padà, wàá sì rí ojú ẹni tó wà níbẹ̀. Síwíìṣì ara ògiri náà kúkú wà, ọ̀fẹ́ ni.

O rántí Ralph Yarl, ọmọ ọdún 16 tí ìdílé rẹ̀ ti Liberia wá, ní Kansas City, ní oṣù kẹrin ọdún 2023. Wọ́n ní kó lọ mú àwọn àbúrò rẹ̀ wálé ní 115th Terrace. 115th Street ló lọ, ó sì tẹ aago ẹnu ọ̀nà ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Onílé, bàbá ẹni ọdún 84, yìnbọn lù ú lórí àti lápá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn onígíláàsì. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà. Ní 2025, bàbá yẹn gbà ní kóòtù pé òun jẹ̀bi. Ilẹ̀kùn wà láàárín wọn o! Kí ló ní kó má béèrè pé ta nì yẹn, kó sì pe ọlọ́pàá?

Ìyá ìyàwó rẹ ń bọ̀ wá tọ́jú ọmọ tuntun. Bí agogo yín bá lu mẹ́ta òru ní ìgbà ooru, mẹ́sàn-án àárọ̀ ti lù ní Nàìjíríà tí wọ́n ti ń bọ̀. Màmá á ti jí, á máa rìn lọ sí kíṣíìnì nínú òkùnkùn, torí wọn kì í fẹ́ fi iná dí àwọn ọmọ lójú oorun. Fi iná kékeré tó ń dá tàn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí o tan ti ìta sílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Má gbàgbé pé ògiri inú ilé yín kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Igi àti pátákó oníẹfun ni. Ọta tó bá tàsé á gba inú rẹ̀ kọjá sí yàrá àwọn ọmọ.

Nítorí náà, má lọ máa wá olè kiri. Kó gbogbo ará ilé sí yàrá kan, ti ilẹ̀kùn, kí ìyàwó rẹ pe 911, kí ó sì sọ fún wọn pé ìbọn wà nínú ilé. Bí ọlọ́pàá bá dé, kí wọ́n má bá a lọ́wọ́ rẹ. Ìwọ náà mọ àwọ̀ ara wa.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ: òfin Texas ka ẹni tó bá fi ìbọn tó kì sílẹ̀, tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 sì rí i mú, sí arúfin. Ra àpótí onírin tó ní kọ́kọ́rọ́ kí màmá tó dé. Kí ẹ sì fẹnu kò, tọmọdé tàgbà, pé bí o bá ní “Ta nìyẹn?” lóru, orúkọ ni kí wọ́n fi dáhùn, kì í ṣe “Èmi ni.” Kọ́ màmá náà, bí wọ́n tilẹ̀ máa rẹ́rìn-ín.

Èmi bàbá rẹ,
ní Dallas.