Bí Ẹgbẹ́ Ọmọ-Ogun Ojú Omi Nàìjíríà Ti Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà ni àwọn ọmọ-ogun ojú omi Nàìjíríà fi ń ṣe ìrántí ìbẹ̀rẹ̀ wọn lọ́dọọdún, nítorí pé ọjọ́ náà ni a dá wọn sílẹ̀ ní 1956. Ẹni tí ó ń gbé ìlú tí ó jìnnà sí òkun lè wí pé ọ̀ràn àwọn ará Èkó àti ará Kàlàbá nìkan ni èyí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kòkó tí a kó láti oko Oǹdó àti ti Ìbàdàn, ojú omi ni ó ń gbà lọ sí òkèèrè, ọ̀nà kan náà sì ni ọ̀pọ̀ ọjà òkèèrè ń gbà wọlé tọ̀ wá. Ẹni tí ó bá di ẹnu òkun mú, ó ti di ilẹ̀kùn ọjà gbogbo àgbẹ̀ mú.

Ìtàn fi èyí hàn ní 1851. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ inú ọ̀sà Èkó láti yọ Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè. Bloodhound àti Teazer wà lára wọn. Kòsọ́kọ́ ní àgbá, ó ní ọkọ̀ ogun tí a ń fi àjẹ̀ wà, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì jà gidigidi. Kódà Teazer gúnlẹ̀ sórí iyanrìn, kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ alájẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọkọ̀ tí ẹ̀rọ ń tì. Kòsọ́kọ́ sá kúrò ní Èkó, Akíntóyè sì padà sórí oyè. Nígbà tí ó di 1861, Èkó bọ́ sí abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. Láti ìgbà náà fún ohun tí ó lé ní 90 ọdún, ọwọ́ àlejò ni ìṣọ́ ẹnu òkun wà.

Ohun tí ó wà nígbà náà ni ẹ̀ka iṣẹ́ ìjọba tí a ń pè ní Máríìnì. Ti Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1887. Ti Òkè Ọya ní ibùdó tirẹ̀ ní Lọ́kọ́ja. Nígbà tí a so Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù ní 1914, a so Máríìnì Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀ pẹ̀lú. Iṣẹ́ ogun kọ́ ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n ń wa iyanrìn inú omi, wọ́n ń fi àmì tí ń léfòó sí ojú omi kí atukọ̀ lè mọ ibi tí ó jìn, wọ́n ń wọn jíjìn odò, wọ́n ń tún ọkọ̀ ṣe, wọ́n sì ń gbé èrò sọdá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kéré iṣẹ́ wíwa iyanrìn. Ní ayé àtijọ́, òkìtì iyanrìn dí ẹnu ọ̀nà Èkó tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ńlá kò fi lè wọlé. Forcados ni àwọn ọkọ̀ ńlá ń dúró sí, tí ọkọ̀ kékeré yóò sì máa kó ẹrù àti èrò bọ̀ wá sí Èkó. Owó ọ̀nà méjì ni oníṣòwò ń san.

Síbẹ̀ nígbà tí ogun dé, a kò fi Máríìnì sílẹ̀ nílé. Ní 1914, Ivy, ọkọ̀ ìjọba tí gómìnà fi ń rìnrìn-àjò, bá àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Kamẹrúùnù láti bá àwọn ará Jámánì jà, Duala sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní oṣù kẹsàn-án.

Ní 1955 ni a pín Máríìnì bí ẹni ń pín ogún. Àwọn èbúté lọ sí ọwọ́ Àjọ Èbúté Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún náà. Àwọn odò inú ilẹ̀ lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Ó ku ọkọ̀ díẹ̀ àti atukọ̀ díẹ̀. Bí a bá ti fọ́n wọn ká, kì bá tí sí ohun tí a ó fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀gá kan nínú Máríìnì rọ ìjọba pé kí a má ṣe bẹ́ẹ̀, ìjọba sì gbọ́. Nǹkan bí 200 ènìyàn àti ọkọ̀ 11, ńlá àti kékeré, ni a fi bẹ̀rẹ̀ ní 1956, Captain Skutil, òyìnbó, sì ni ọ̀gá wọn.

Òfin tí ó fi ẹsẹ̀ wọn múlẹ̀ jáde ní 1958. Orúkọ Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára orúkọ wọn títí Nàìjíríà fi di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọba òkèèrè mọ́ ní 1963. Orúkọ àwọn ìlú wa ni a fi sọ àwọn ọkọ̀ náà: Kaduna, Benin, Calabar, àní Ibadan pàápàá, ìlú tí kò bá òkun pààlà rárá. Ṣùgbọ́n òfin 1958 kò jẹ́ kí wọ́n kọjá omi tí ó sún mọ́ etí ilẹ̀. Òfin 1964 ni ó fẹ iṣẹ́ wọn lójú: ìdáàbòbò, wíwọn òkun, àti ríran àwọn aṣọ́bodè lọ́wọ́. Ọdún yẹn kan náà ni Joseph Edet Akinwale Wey, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ nínú Máríìnì, di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó ṣe olórí wọn.

Kò pẹ́ tí ìdánwò fi dé. Ní oṣù keje 1967, nígbà ogun abẹ́lé, ọkọ̀ wọn gbé àwọn ọmọ-ogun orí ilẹ̀ lọ gúnlẹ̀ sí Bonny. Ibi tí ó dunni jù nínú ìtàn náà ni ti ọkọ̀ Ibadan. Ó ti bọ́ sí ọwọ́ Biafra. Ọkọ̀ tí ń jẹ́ Nigeria ni ó yìnbọn lù ú tí ó fi rì. Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ méjèèjì ń jẹun pọ̀ ní ibùdó kan.

Láti 1978 ni òfin ti fún Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ lórí ẹja àti epo inú òkun títí dé 200 máìlì ti atukọ̀. Omi tí a ó máa ṣọ́ pọ̀ ju ti 1956 lọ fíìfíì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òkèèrè ni a ti ń ra àwọn ọkọ̀ tí a fi ń ṣọ́ ọ. Aradu, tí ó tóbi jù nínú wọn, Hamburg ní Jámánì ni a ti kàn án. Ní 2012, ọkọ̀ Andoni bọ́ sójú omi. Ọwọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ó kàn án ní Èkó, létí ọ̀sà kan náà tí Teazer ti gúnlẹ̀ sí ní 1851. Karaduwa tẹ̀ lé e ní 2016, Oji sì tẹ̀ lé e ní 2021.