Ìwọ Ta Ni? Ṣé Tìrẹ Ni? Ẹ̀kọ́ Lórí Ààbò API

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ mi fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà. Lọ́pọ̀ ìgbà tí olè bá kó àṣírí àwọn ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe pé ó fọ́ ilẹ̀kùn. Ògiri ló ti lanu tẹ́lẹ̀.

Kí ni API?

API ni alárinà láàrin ètò kọ̀ǹpútà kan àti òmíràn. Bí ènìyàn bá fi fóònù wo iye owó rẹ̀ ní báńkì, kì í ṣe fóònù ló mọ iye náà. Fóònù rán API níṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà báńkì, API sì gbé èsì padà wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí a ti ń rán an níṣẹ́ lè bá a sọ̀rọ̀ tààrà, láìlo ètò orí fóònù náà rárá. Ibẹ̀ ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè méjì

Ìbéèrè méjì ló yẹ kí API bi ẹnikẹ́ni tó bá tọ̀ ọ́ wá. Èkíní: "Ìwọ ta ni?" Password ni a fi ń dáhùn èyí. Èkejì: "Ṣé tìrẹ ni ohun tí o ń bèèrè?" Èkejì yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń gbàgbé. Ká ní nọ́ńbà ìwé oníbàárà kan ni 1001. Bí ó bá yí i sí 1002, tí API sì gbé ìwé ẹlòmíràn fún un, ògiri ti lanu nìyẹn. Nígbà tí ẹgbẹ́ OWASP to ewu API mẹ́wàá jọ ní ọdún 2019, èyí ni wọ́n fi ṣe àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n tún un tò ní 2023, kò kúrò ní ipò náà.

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ó hàn pé iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kò bèèrè ìbéèrè kejì. Ẹni tó bá ti ní àkáǹtì lọ́dọ̀ wọn lè rí àdírẹ́sì ilé àti nọ́ńbà tẹlifóònù àwọn mìíràn. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn tó mílíọ̀nù 60.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, olè kó ìsọfúnni nípa oníbàárà tó ju mílíọ̀nù 9 lọ ní Optus, iléeṣẹ́ tẹlifóònù kan ní Ọsirélíà. Àlàyé tí àjọ ìjọba ibẹ̀ ṣe nílé ẹjọ́ ni pé àṣìṣe kan ti wà nínú API náà láti 2018. Iléeṣẹ́ náà rí i ní ojú ọ̀nà kan ní 2021, wọ́n sì tún un ṣe; ṣùgbọ́n wọn kò tún ojú ọ̀nà kejì ṣe, èyí tí wọn kò tilẹ̀ lò mọ́. Ibẹ̀ ni olè gbà wọlé.

Kí ni ṣíṣe?

Èkíní, ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń pa ìsọfúnni mọ́ ni kí a ti máa bèèrè ìbéèrè méjèèjì, nígbàkúùgbà tí iṣẹ́ bá dé. Fífi bọ́tìnnì pamọ́ lójú fóònù kì í ṣe ààbò.

Èkejì, kí API má gbé ju ohun tí a bèèrè lọ jáde.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi òdiwọ̀n sí iye ìgbà tí ẹnì kan lè bèèrè nǹkan láàrin ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ orúkọ gbogbo API yín sílẹ̀, kí ẹ sì ti èyí tí kò wúlò mọ́ pa.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ dán an wò: ẹ ṣí àkáǹtì méjì, kí ẹ wọlé pẹ̀lú ọ̀kan, kí ẹ sì bèèrè ohun tí í ṣe ti èkejì. Bí API bá gbé e fún yín, iṣẹ́ kò tíì parí.

Yálà báńkì ńlá ni a ń ṣiṣẹ́ fún ni o, tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àdúgbò, ọ̀ràn náà kò yàtọ̀. Bí olè bá jí password, a lè yí i padà. Ta ni ó lè yí ọjọ́ ìbí rẹ̀ padà? Àwa tí a mọ ògiri ni kí a dí ihò rẹ̀, nítorí ẹni tó ń gbé inú ilé kò mọ ibi tó ti lanu.