Ará Ilé Ẹni Tí A Bá Tà Lọ́pọ̀

Àwọn àgbà ní ará ilé ẹni tí a bá tà lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀ọ́n mọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn ni òwe náà ń sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sin ẹran ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ ló yẹ kó fi í sọ́kàn jù. Abo ewúrẹ́ tó dára jù nínú agbo, èyí tó ń bí ìbejì, tí wàrà rẹ̀ sì ń yó àwọn ọmọ náà, òun ni oníbàárà máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Owó ilé-ìwé ń bẹ nílẹ̀, ẹni tó fẹ́ rà á sì ti na owó sókè, wọ́n a tú u fún un. Tó bá di ọdún kejì, kò ní sí irú rẹ̀ nínú agbo mọ́. Ẹni tó rà á kò sì ní ta ọmọ rẹ̀ fún wa ní iye tí a fi ta ìyá.

Inú títà nìkan kọ́ ni wàhálà wà. Láyé àtijọ́, kò sẹ́ni tó ń dá iye lé òbúkọ tó gun ewúrẹ́ ẹlòmíràn. Ẹran ń jẹ káàkiri ìgboro, ó sì ń padà sílé bílẹ̀ bá ṣú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ewúrẹ́ jẹ, ó relé, àgùntàn jẹ, ó relé, à-jẹ-ì-wálé ló ba ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́. Òbúkọ ta ni ewúrẹ́ pàdé lọ́nà? Kò sẹ́ni tó bèèrè. Bí ẹnì kan kò bá sì ní ẹran rárá, wọ́n lè fún un ní abo kan sìn. Tí abo náà bá bí, ẹni tó ni ín àti ẹni tó ń sìn ín yóò pín ọmọ. Ọmọ ẹran ni owó iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kì í ka owó lé e.

Ìgbà ti yí. Ilé ti kún gbogbo ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọjà Igbó dé Tákìé. Olè ń gbé ẹran, ọ̀kadà ń kọ lù wọ́n, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ti ní òfin láti ọdún 2019 tó ń ṣàkóso dída ẹran jẹ̀ káàkiri. Ẹni tó fẹ́ kí ẹran òun pẹ́ ti kọ́ ilé fún un. Abo tó wà nínú ọgbà kò sì lè pàdé akọ àfi bí a bá mú un lọ bá a. Ibẹ̀ ni owó akọ ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn owó tí ẹni tó ni abo ń san fún ẹni tó ni akọ. Kò sí iye tí bàbá wa fi lé wa lọ́wọ́ lórí èyí, nítorí náà iye tó bá bọ́ sí kálukú lẹ́nu ló ń sọ. Ẹnì kan yóò gba owó tí kò tó ra ìyẹ̀fun àgbàdo tí òbúkọ náà jẹ lọ́sẹ̀ kan, ẹlòmíràn yóò sì bèèrè owó tó tó ra ọmọ ewúrẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀: ohun tí ẹran ti ṣe ni kí ẹ dá iye lé, ẹ fi ohun tí ẹ ń retí pé yóò ṣe sílẹ̀ ná.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ká ní 90,000 náírà ni ẹ ra òbúkọ kan, tí yóò sì ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Ó ti jẹ owó 30,000 lọ́dún nìyẹn. Ká tún ní oúnjẹ, iyọ̀, oògùn aràn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ń gba 60,000 mìíràn lọ́dún. Bó bá gun abo 30 lọ́dún, ẹ ti ná 3,000 lórí abo kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fọwọ́ kan èrè. Ṣùgbọ́n gbogbo abo tí akọ bá gùn kọ́ ló ń lóyún. Bí 20 péré bá lóyún, tí ẹ sì ti ṣèlérí pé ẹni tí abo rẹ̀ kò bá lóyún kò ní san, ìnáwó yín lórí ẹni tó san ti di 4,500. Àpẹẹrẹ ni mo fi àwọn iye yìí ṣe o, iye tó wà lọ́jà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ka èyí ni kí ẹ fi rọ́pò wọn. Ẹni tó bá gba ohun tó kéré sí ìnáwó rẹ̀ ń fi owó ara rẹ̀ bọ́ ẹran onílé kejì ni.

Ibo wá ni kó dé lókè? Ẹni tó ni abo ló ni ìdáhùn yẹn. Ká ní ọmọ òbúkọ lásán ń lọ fún 20,000 nígbà tó bá já lẹ́nu ọmú, tí ọmọ òbúkọ tiyín ń lọ fún 26,000. Bí ewúrẹ́ náà bá bí ìbejì, 12,000 ni òbúkọ yín fi kún owó tó wọlé fún olówó rẹ̀. Bí ẹ bá wá gba gbogbo 12,000 yẹn, kí ló kù fún ẹni tó bọ́ aboyún fún oṣù márùn-ún, tó tún tọ́ ọmọ fún oṣù mẹ́ta? Kò ní padà wá, yóò sì sọ fún aládùúgbò rẹ̀. Lójú tèmi, ìdajì àǹfààní yẹn ni kí owó akọ má kọjá. Nínú àpẹẹrẹ wa, láàárín 4,500 sí 6,000 ni ọ̀rọ̀ náà ń yí. Bí ìnáwó yín bá ju ìdajì àǹfààní náà lọ, òbúkọ yẹn kò tíì yẹ ní akọ tí a ń gba owó lé lórí. Ẹ bọ́ ọ kó sanra, kí ẹ tà á fún alápatà.

Àwọn tó ń sin ẹṣin ìje lókè òkun ti fi owó ńlá kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní 2006, wọ́n ra ọmọ ẹṣin kan tó ń jẹ́ The Green Monkey ní Florida ní mílíọ̀nù 16 dọ́là, nítorí pé ìran rẹ̀ lórúkọ, ó sì sáré bí ọfà lójú àwọn tó wá rà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló sáré ìje, kò sì borí rí. Nígbà tó di akọ tí wọ́n ń mú abo wá bá, 5,000 dọ́là ni owó rẹ̀. Ẹ wá wo Seattle Slew, tí wọ́n rà ní 17,500 dọ́là ní 1975. Nígbà tó di 1977, ó gba ìje ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Amẹ́ríkà láìtíì pàdánù ìje kan. Northern Dancer ti Kánádà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó akọ 10,000 dọ́là ní 1965. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ń borí ni owó náà ń gòkè, títí tó fi dé mílíọ̀nù kan dọ́là láàárín ọdún 1980 sí 1989. Frankel ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì borí nínú gbogbo ìje 14 tó sá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ owó akọ rẹ̀ ní 125,000 pọ́n-ùn ní 2013, nígbà tí yóò fi di 2024, ó ti di 350,000. Ọmọ ló gbé owó Northern Dancer àti Frankel ga. Ìràwọ̀ The Green Monkey wọ̀ kó tó lọ́mọ rárá, nítorí ìrètí ni wọ́n san mílíọ̀nù 16 fún.

Nítorí náà, akọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dàgbà, bó ti wù kó rẹwà tó, ẹ má gbé owó rẹ̀ sókè. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ní sáà àkọ́kọ́, ẹ fi í fún abo mélòó kan tí ẹ fúnra yín mọ̀ pé wọ́n dára, ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ bá olówó wọn ṣe àdéhùn pé ẹ ó wá wo ọmọ, ẹ ó sì wọ̀n wọ́n nígbà tí wọ́n bá pé oṣù mẹ́ta. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: mélòó ló bí, mélòó ló yè, báwo ni wọ́n ṣe wúwo sí. Ìwé yẹn ni ẹ ó nà sí ẹni tó bá ń ná owó yín wálẹ̀ ní sáà kejì. Àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kà mọ́ iye ẹran, àwa ará Ọ̀yọ́ ló sì yẹ kó mọ̀ ọ́n ju gbogbo ayé lọ. Àwọn Aláàfin ìgbà Ọ̀yọ́-Ilé ní ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin tó mú ìlú púpọ̀ wólẹ̀. Síbẹ̀, láti ilẹ̀ Tápà, Ìbàrìbá àti Haúsá ni ọ̀pọ̀ ẹṣin náà ti ń wá, nítorí pé àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ bó bá ti wọ inú igbó níhà gúúsù. Rírà ni wọ́n ń rà á ṣáá. Ẹran tí a kò lè mú bí sílé, ọwọ́ ẹlòmíràn ni iye rẹ̀ ń gbé, ìjọba tó lágbára bẹ́ẹ̀ pàápàá kò bọ́ nínú èyí. Ewúrẹ́ kúkúrú tiwa yìí, tí àwọn kan ń fojú tẹ́ńbẹ́lú nítorí pé ó kéré, kì í tètè kú sí àrùn yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni màlúù N'Dama. Àgbò Balami funfun gìrìwò tí wọ́n ń kó wá láti Òkè Ọya lè fún yín ní ọmọ ńlá, ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá kú nígbà òjò, ńlá rẹ̀ kò san gbèsè kankan. Bí akọ yín bá jẹ́ èyí tí ọmọ rẹ̀ ń yè, ẹ má bẹ̀rù láti gba owó fún yíyè yẹn.

Ní ti títà, ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ẹ dé ọjà kí ẹ tó dá iye, ẹ dúró ti àwọn tó ń ná ọjà, iye tí wọ́n gbé owó sílẹ̀ lé ni kí ẹ gbọ́, kì í ṣe iye tí olójà kọ́kọ́ pè. Gbogbo wa la mọ̀ pé àgbò ń wọ́n bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, àmọ́ ọ̀pọ̀ kì í ka oṣù sẹ́yìn. Bí i ọjọ́ 10 sí 11 ni Iléyá fi ń tètè dé ju ti ọdún tó kọjá lọ: ní 2024, June 16 ni, ní 2025, June 6. Oyún àgùntàn gba oṣù márùn-ún. Ẹni tó fẹ́ ta àgbò tó ti lé ní ọdún kan, ó yẹ kó ti mú abo lọ bá akọ ní nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ ṣáájú. Akọ tí kò yẹ fún gígùn ni kí ẹ fi ṣe ti Iléyá. Abo tó ń bí ìbejì, ẹ fi í sílẹ̀ nílé. Bí ó bá di dandan kí ẹ tà á, ẹni tó mọyì wúrà là ń tà á fún: ẹ tà á fún ẹni tí yóò sìn ín, ní owó tó ju owó ẹran pípa lọ dáadáa, kí ẹ sì ti fi ọmọ rẹ̀ obìnrin kan pamọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń sin ẹṣin lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Nínú eré bí Howrse, tí ilé-iṣẹ́ Owlient gbé jáde ní Faransé ní 2005, tí ilé-iṣẹ́ Ubisoft sì rà ní 2011, ẹni tó ní akọ ẹṣin lè gba owó eré lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí akọ náà lè gun abo onítọ̀hún. Ẹṣin inú eré kì í rí eṣinṣin, kì í sì í jẹ koríko tòótọ́. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ṣe ń pọ̀ jù kíákíá. Bí akọ kan bá gun gbogbo abo tó wá, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọmọ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, kò sì sẹ́ni tí yóò san owó gidi fún un mọ́. Ẹ dín iye abo tó ń gùn kù kí ẹ tó dín owó kù. Bó ṣe rí nínú agbo ewúrẹ́ náà nìyẹn, àmọ́ tiwa tún ní ewu kan tó jù ú lọ: bí òbúkọ kan bá ti gun gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò, láìpẹ́ yóò máa gun ọmọ bíbí inú rẹ̀, ọmọ tó bá ti ibẹ̀ wá yóò sì máa rọ. Lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́ta, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ti ará Ọ̀yọ́ bí ẹ bá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Àdéhùn ló kù. Ìdá kan lára owó akọ ni kí ẹ gbà lọ́jọ́ tí abo bá dé, kí ìyókù dúró dìgbà tí ọmọ bá dìde dúró láàyè. Bí ewúrẹ́ bá tún ń wá akọ lẹ́yìn bí i ọjọ́ 21, kò lóyún nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó padà wá láìsan kọ́bọ̀. Abo tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára PPR, àrùn tó ń pa ewúrẹ́, tàbí tó ń wúkọ́ tàbí tí imú rẹ̀ ń ṣàn, ẹ má jẹ́ kó wọ ọgbà yín, bó tilẹ̀ jẹ́ ti àbúrò bàbá yín. Àwọn ẹbí yóò sì bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gba owó tó pé lọ́wọ́ wọn, kí ẹ wá fún wọn lẹ́bùn nígbà ìkómọjáde tàbí ọdún. Owó tí ẹ bá ti já wálẹ̀ fún ẹnì kan lójú ọjà ni gbogbo ọjà yóò máa bèèrè. Kí ẹ tó tú akọ sílẹ̀ fún abo ẹlòmíràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ iye owó àti àdéhùn náà sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí i.