Ẹ Jẹ́ Kí Oníbàárà Fẹnu Ara Rẹ̀ Sọ Ọ́

Ní ọdún 1961, ìyàwó ilé kan ní Queens, nílùú New York, pàdé ojúlùmọ̀ rẹ̀ kan nínú ilé ìtajà ńlá. Ìyẹn yìn ín pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó wá bi í pé oṣù wo ni yóò bímọ. Jean Nidetch kò lóyún. Ó sanra ni. Ó gba ilé ìwòsàn ìjọba lọ, wọ́n fún un ní ètò oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́wọ́ níbẹ̀ pé òun ṣì ń jí bísíkíìtì jẹ. Ló bá pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bíi mélòó kan jọ sínú ilé rẹ̀, ó tú àṣírí ara rẹ̀ fún wọn. Làwọn náà bá ń tú tiwọn. Nígbà tó fi máa di 1963, ìjókòó yẹn ti di iléeṣẹ́ Weight Watchers, obìnrin tó wọn nǹkan bíi kílò 97 sì ti sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bíi 64.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní jíìmù kékeré, ẹ wo ohun tó fa èrò wá nínú ìtàn yìí. Kì í ṣe kílò. Bísíkíìtì tó ń fi pamọ́ ni, àti ìbéèrè tó dójú tì í. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ, ara rẹ̀ ló ń gbọ́.

Ọ̀pọ̀ kóòṣì wa, fọ́tò méjì ni wọ́n máa ń gbé sórí WhatsApp: bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, bó ṣe rí báyìí. N kò ní kí ẹ má ṣe é o, ṣùgbọ́n láàárín wa níbí, ẹni tó bá fọn lójijì, ohun tí aládùúgbò máa kọ́kọ́ bi í ni pé, “Ṣé ara yá?” Fọ́tò tẹ́ ẹ rò pé ó ń polówó lè máa dá àyà já ẹlòmíì. Nítorí náà, ohun tí ara lè ṣe báyìí tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ máa wá.

Ọjọ́ tí oníbàárà bá kọ́kọ́ dé ni iṣẹ́ gbígba ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í pé kí ló ń ni ín lára láti ṣe, kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Tó bá di oṣù kẹta, òun fúnra rẹ̀ á ti gbàgbé. Ìgbà yẹn lẹ máa wá bi í léèrè: kí ló ti yí padà? Ìgbà wo ló fẹ́ẹ̀ sú ọ? Ẹ gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, ẹ má sì tún un kọ di Yorùbá inú ìwé.

Tẹ́ ẹ bá ní kó sọ bí jíìmù yín ṣe dára tó, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni pé: “Jíìmù yìí dára gan-an, Kóòṣì mọṣẹ́, Ọlọ́run á máa bù kún wọn.” À ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n àdúrà nìyẹn, kò lè mú ẹnikẹ́ni wọlé. Ẹ fi wé èyí, tí mo ṣẹ̀dá fún àpẹẹrẹ: “Tí mo bá kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi, àfi kí n di àga mú kí n tó lè dìde. Mo wá ń sá fún òde ìnáwó. Lọ́sẹ̀ kẹta tí mo dé ibí, mo fẹ́ ká a nílẹ̀, itan ń ro mí jù. Kóòṣì ní kí n má lóṣòó ogún mọ́, kí n máa ṣe márùn-ún. Nígbà Iléyá, mo kúnlẹ̀, mo dìde, n kò di nǹkan kan mú.”

Gbólóhùn márùn-ún yẹn ni ìpolówó gan-an. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń bẹ̀rù ti máa mọ̀ pé kóòṣì yìí kò ní pa òun. Àwọn tó ń gé apá ibi tó ti sú oníbàárà kúrò nínú fídíò, èyí tó níye lórí jù ni wọ́n ń gé sọnù.

Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó gbé e síta, lórí ìwé. Òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni sí ohun tó gbẹgẹ́, ẹni tó bá sì fọwọ́ sí i lónìí lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé e lọ́la. Ojú máa ń ti àwọn mìíràn láti sọ pé rárá fún kóòṣì wọn, nítorí náà, ẹ fún wọn láyè kí wọ́n lọ rò ó wò. Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rójú òun lè fún yín ní ohùn nìkan. Bẹ́ ẹ bá fún un ní oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí rẹ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fáyé gbọ́.

Ẹ má sì fi kìkì ẹni tó ṣe dáadáa jù polówó. Ní Amẹ́ríkà, títí di 2009, ẹni tó ń tajà lè gbé ẹnìkan tó fọn gidigidi jáde, kó wá fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ti gbogbo èèyàn lè má rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún yẹn, FTC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oníbàárà níbẹ̀, sọ pé ìyẹn kò tó mọ́: ẹni tó ń tajà ní láti sọ iye tí ẹni tó bá wá lè retí. Tó bá jẹ́ kílò mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn yín ń sọ̀, ẹ sọ mẹ́ta.

Ìtàn ẹnìkan ṣoṣo kò sì tó gbé ọjà dúró. Ọdún 2000 ni Subway, iléeṣẹ́ tó ń ta búrẹ́dì tí wọ́n fi nǹkan sí láàárín, bẹ̀rẹ̀ sí í fi Jared Fogle, tó sọ pé búrẹ́dì wọn lòun jẹ tóun fi fọn, ṣe ìpolówó. Ó gba ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́nu wọn, kó tó lọ sẹ́wọ̀n ní 2015 lórí ẹ̀sùn ìbálòpọ̀ tó kan àwọn ọmọdé. Ẹ ní ìtàn púpọ̀, tàgbà tọmọdé, ẹni tó yára àti ẹni tí kò yára. Ẹ kọ oṣù àti ọdún sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa bi àwọn tó ni ín lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà bóyá ó ṣì rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ yọ ọ́.