Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ẹ Wọn Ilé Kí Ẹ Tó Ra Adìẹ

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí wà fún àwọn tó fẹ́ yá owó ẹgbẹ́ láti sin adìẹ díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ́kọ́ bi wá ni pé, "Akọ̀wé, adìẹ mélòó ni owó yìí lè rà?" Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Báwo ni ilé tí wọn yóò gbé ṣe fẹ̀ tó? Ìyẹn ni kí a kọ́kọ́ bi ara wa.

Fún ẹni tó ń sin ìwọ̀nba, òṣùwọ̀n tó fini lọ́kàn balẹ̀ ni kí àgbà adìẹ ẹlẹ́yin kọ̀ọ̀kan ní ààyè tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 2, tó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Ìlọ́po 2 lọ́nà 2 jẹ́ 4. Bí ilé yín bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tó fẹ̀ ní 8, ìlọ́po wọn jẹ́ 80. Ẹ fi 4 pín in, ó ku 20. Adìẹ 20 ni ilé yẹn gbà. Bí ẹ bá lè fi wáyà sọ ọgbà kékeré mọ́ ọn níta, ara yóò tún tù wọ́n sí i.

Ẹ má jẹ́ kí òròmọdìẹ tàn yín jẹ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé 40 dé, ilé yóò dà bí pápá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá fi máa pé oṣù 5, tí wọ́n fẹ́ máa yé, kò ní sí ibi tí wọn yóò yí sí. Ìwọ̀n àgbà ni kí ẹ fi rà á.

Kí ni àpọ̀jù ń fà? Àwọn tó lágbára yóò máa lé àwọn tí kò lágbára nídìí oúnjẹ. Wọn yóò máa ṣá ara wọn jẹ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde. Ìgbẹ́ yóò mú ilẹ̀ tutù, òórùn rẹ̀ yóò máa ta ni nímú, ìgbẹ́ ọ̀rìn ẹlẹ́jẹ̀ yóò sì tètè ràn. Nínú ooru oṣù kejì àti ìkẹta, òmíràn á kàn kú ni. Adìẹ 40 yóò máa jẹ oúnjẹ adìẹ 40, ṣùgbọ́n wọn kò ní yé ẹyin adìẹ 40. Ọjọ́ tí a dá fún gbèsè kì í sì í yẹ̀. Bí ẹni tó yáwó kò bá rí i san, ọrùn onídùúró ló ń bọ́ sí.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ́lé náà, ẹ rántí ìwọ̀nyí:

1. Kí ẹ̀gbẹ́ tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà wọlé jù.

2. Kí ògiri má ga ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Wáyà ni kó gba òkè rẹ̀ dé abẹ́ páànù, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́.

3. Ẹ da èérún igi tí káfíńtà fá sílẹ̀, kó nípọn tó ínṣì 3 sí 4. Ẹ máa rò ó, kí ẹ sì máa kó èyí tó bá tutù dànù.

4. Kí adìẹ kọ̀ọ̀kan ní ínṣì 8 sí 10 lórí igi tí wọ́n ń wọ̀ sí lálẹ́.

5. Ìtẹ́ kan tó adìẹ 4 tàbí 5. Kí ó fẹ̀ tó ínṣì 12.

6. Nídìí ọpọ́n oúnjẹ, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ínṣì 4. Ọpọ́n ínṣì 40 tí wọ́n lè ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ tó fún adìẹ 20.

Ẹni tí tirẹ̀ bá ti pọ̀ jù, kó tètè ta díẹ̀ kí àìsàn tó bá a tà á. Ẹni tó bá sì ń bọ̀ wá gba fọ́ọ̀mù, kó jọ̀wọ́ wọn ilé rẹ̀ wá. A ó jọ ṣírò rẹ̀ kí onídùúró tó fọwọ́ sí i.